Èèrà pupa, àfòmọ́ àti ìrókò: ta ni kí n pa, ta ni kí n dá sí nínú oko kòkó mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Iléṣà ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà Òṣú ni oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà. Èèrà pupa tí ń fi ewé kọ́lé ti gba igi tó pọ̀ níbẹ̀, àwọn alágbàṣe sì ní àwọn ò ní ká kòkó orí wọn àfi tí mo bá fín oògùn. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní n kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n. Àfòmọ́ ti bo àwọn igi apá òkè, níbi tí àwọn onípákó ti gé ìrókò àti àràbà. Mo ń gbá ilẹ̀ oko mọ́ dáadáa, kòkó ń tanná, síbẹ̀ èso rẹ̀ kò tó nǹkan. Ta ni kí n pa, ta ni kí n dá sí? Ṣé kí n tún gbin àwọn igi ńlá náà padà? (Ìyá àgbẹ̀ kan, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ogún bàbá. Bí igi, kòkòrò, ẹyẹ àti ẹranko ṣe ń bá ara wọn gbé ni iṣẹ́ mi níbí ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì síbi tí mo fẹ́ràn láti wò ó tó oko kòkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fín oògùn kankan. Èèrà, àfòmọ́, òdòdó tí kò so, igi tí wọ́n gé: púpọ̀ nínú wọn ló so kọ́ra. Bí ẹ bá pa ọ̀kan láìwo ẹni tó ń bá gbé, ẹ lè fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó burú jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èèrà bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọwọ́ yín fẹ́ yá lé lórí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé oko, nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, ẹ dúró ti igi kan tí wọ́n ti gbà. Ẹ óò rí àwọn kan tó tò sétí ewé méjì, wọ́n fi ẹsẹ̀ di ọ̀kan mú, wọ́n fi ẹnu fa èkejì mọ́ra. Tí àwọn ewé náà bá jìnnà síra, èèrà kan á di ìbàdí èkejì mú, òmíràn á di tirẹ̀ náà mú, gbogbo wọn á wá jọ máa fa ewé náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn á gbé ọmọ wọn tó ṣì jẹ́ ìdin sẹ́nu, wọ́n á máa fi orí rẹ̀ kan ewé níhìn-ín, kan ewé lọ́hùn-ún, bí ahunṣọ ṣe ń ju ọ̀kọ̀ lórí òfì. Ọmọ náà ló ń pọ òwú tó ń lẹ ewé pọ̀. Bí mo ti ń wò ó tó láti ọjọ́ yìí wá, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ẹran ni àwọn èèrà yìí ń wá kiri lórí igi. Nínú ohun tí wọ́n ń pa tàbí tí wọ́n ń lé ni kápúsídì wà, ìyẹn kòkòrò tí àwọn bàbá wa tìtorí rẹ̀ gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn nígbà gámálínì, oògùn apakòkòrò ayé ìgbà náà. Kápúsídì á ti ẹnu rẹ̀ bọ èso tàbí ọ̀mùnú ẹ̀ka, á tu itọ́ sí i, á sì fa omi rẹ̀ mu. Ojú ibẹ̀ á dúdú, á kú. Ó tún kù: àrùn á gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, ẹ̀ka á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí wá sílẹ̀. Lórí igi tí èèrà pupa bá ti gbilẹ̀, kápúsídì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní Ṣáínà, àkọsílẹ̀ wà láti ọdún 304 nípa àwọn tí ń ta ilé irú èèrà yìí lọ́jà fún olóko ọsàn, kí wọ́n lọ gbé e kọ́ orí igi wọn. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí náà, eṣinṣin tí ń ba máńgòrò jẹ́ kì í pọ̀ nínú oko tí èèrà pupa bá pọ̀ sí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ yín ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán síbẹ̀. Èèrà fẹ́ràn ohun dídùn. Àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ kéékèèké kan wà tí nǹkan funfun bò lára, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka àti ìdí èso kòkó, tí wọ́n ń fa omi igi mu. Omi igi ní ṣúgà ju ohun tí ara wọn nílò lọ, wọ́n sì ń yà á dànù. Èèrà á lá a. Nítorí omi dídùn yìí, èèrà á máa ṣọ́ wọn, á máa lé ohun tó bá fẹ́ jẹ wọ́n dànù. Ó dára fún èèrà, ó dára fún kòkòrò funfun, igi ló ń san owó rẹ̀.

Kòkòrò funfun wọ̀nyí ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú kiri láti igi dé igi. Orílẹ̀-èdè Ghana ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí àrùn náà ní 1936, ó sì ti run igi kòkó tí kò lóǹkà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìgbà náà. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé kòkó kò gbé e wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti ṣẹ̀. Nígbà tí Squiss Ibaningo mú irúgbìn rẹ̀ ti erékùṣù Fernando Po (tó ń jẹ́ Bioko báyìí) wọ Bonny ní nǹkan bí 1874, kò sí irú àrùn yìí lára rẹ̀. Inú igi ilẹ̀ wa ló wà, àràbà sì wà lára wọn. Àwọn igi wọ̀nyí ti bá a gbé pẹ́, kò sì ń ṣe wọ́n ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò funfun ló gbé e láti ara wọn wá bá àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ rántí àràbà yìí, màá padà sórí rẹ̀.

Ẹ óò wá bi mí pé, ṣé kí èèrà pupa kúkú lọ? Rárá, nítorí kòkòrò funfun tó ń gbé àrùn yẹn jù, èèrà dúdú ló sábà máa ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ óò dá a mọ̀ dáadáa: ó kéré sí pupa, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, tí ẹ bá sì yọ ọ́ lẹ́nu, á gbé ìdí náà sókè kọjá ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ló ń fi erùpẹ̀ àti èérún igi kọ́ àgọ́ bo kòkòrò funfun mọ́lẹ̀ lára ẹ̀ka àti lára èso. Ilẹ̀ ló ti ń ru erùpẹ̀ náà gòkè, inú erùpẹ̀ oko kòkó sì ni ohun tí ń mú èso dúdú, tí ń mú un jẹrà nígbà òjò, ń sá pamọ́ sí. Èèrà dúdú ń bá yín gbé àrùn gun igi láìmọ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, Dennis Leston tó ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Ghana ṣàlàyé ohun kan tó yẹ kí gbogbo olóko mọ̀. Ó ní àwọn èèrà tó lágbára ti pín orí igi kòkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ibi tí pupa bá gbà, dúdú kì í débẹ̀. Ibi tí dúdú bá gbà, pupa kì í débẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ààlà, wọ́n sì ń jà lé e lórí. Orí igi kò ní ṣófo. Tí ẹ bá fín oògùn pa pupa lónìí, ẹlòmíràn ni yóò gba ilé rẹ̀, ó sì lè jẹ́ dúdú tó ń sin kòkòrò tí ẹ kò fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín kí ẹ mú sùúrù. Èèrà pupa kan náà lè jẹ́ ọ̀rẹ́ níhìn-ín, kó jẹ́ ìyọnu lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ èyí tó máa jẹ́.

Mi ò ní kí ẹ má fín oògùn láé o. Tí kápúsídì bá pọ̀ níbi kan, ẹ fín ibẹ̀ nìkan. Fífín gbogbo oko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni mi ò fara mọ́. Ní àwọn ọdún 1960, kápúsídì ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí gámálínì ní àwọn ibì kan, oògùn náà kò pa á mọ́, àmọ́ ó ṣì ń pa èèrà àti àwọn kòkòrò tí ń ṣe olóko lóore. Ní 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ka lindane tó wà nínú rẹ̀ mọ́ àwọn kẹ́míkà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò lóko.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe oko tipẹ́ lè rántí ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ń rán lórí, tí ewé rẹ̀ ń ká jọ. Ìbátan kòkòrò funfun yìí ló fà á. Gúúsù Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Wọ́n rí i ní Zaire (tó ń jẹ́ Democratic Republic of Congo báyìí) ní 1973, ó sì ń tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí ọ̀tá tí ń dín in kù nílé rẹ̀ kò bá a wá. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ránni lọ wá ọ̀tá náà, wọ́n sì rí i ní Paraguay ní 1981: agbọ́n kékeré kan tí kò lè ta ẹnikẹ́ni, tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995. Irú àwọn agbọ́n kéékèèké bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóko yín, ojú kì í sáàbà rí wọn, oògùn sì ń pa wọ́n kí ó tó pa ẹni tí ẹ fẹ́ pa.

Ó kan apá òkè níbi tí wọ́n ti gé igi. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wàhálà oko yín ti bẹ̀rẹ̀. Kápúsídì fẹ́ràn ibi tí ìbòòji bá ti ya, tí oòrùn ń wọlé. Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀, tí á sì máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún, títí igi á fi kú ní agbo kan láàárín oko. Ewé Akíntọ́lá náà á gba ojú ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ó lè dà bíi pé koríko lásán ni, àmọ́ tata ń wá òdòdó rẹ̀ kiri, ó ń kó májèlé inú rẹ̀ sára, ó sì ń fi dáàbò bo ẹyin rẹ̀. Tí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ sí ìtòsí, tata náà á jẹ ẹ́, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lára nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Àfòmọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ewé rẹ̀: ó tutù yọ̀yọ̀. Ó ń fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Omi àti èròjà ilẹ̀ ló ń jí nínú ẹ̀ka kòkó, ẹ̀ka tó wà níwájú ibi tó lẹ̀ mọ́ á sì máa gbẹ. Kò lè dá tàn kálẹ̀. Àwọn ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu gígùn tí ń mu omi òdòdó ló ń bá a gbé àtíkè òdòdó kiri. Nígbà tí èso rẹ̀ bá pọ́n, ẹyẹ mìíràn á jẹ ẹ́. Ohun kan tó ń lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù bo hóró inú rẹ̀, tí ẹyẹ bá fẹ́ dà á nù, á nu ún mọ́ ẹ̀ka, hóró á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gan-an tó ti fẹ́ hù. Ẹ má bá ẹyẹ jà, ìyá wa. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ kòkòrò fún yín. Àfòmọ́ ni kí ẹ gé, kí èso rẹ̀ tó pọ́n, kí ẹ sì gé ẹ̀ka kòkó náà láti apá ìdí rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí àfòmọ́ lẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá kàn fà á ya, ohun tó ti kì bọ inú igi á tún hù padà.

Ẹ má wá tìtorí èyí sọ oko di igbó kìjikìji. Ìbòòji tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin kúrò, àrùn tí ń mú èso dúdú sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ń ti ojú ewé bọ́ sílẹ̀ ni kòkó ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ òdòdó tí kò so kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ já òdòdó kòkó kan, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Àtíkè rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ ìbòrí kékeré kékeré márùn-ún, oyin tóbi jù láti wọ ibẹ̀. Kòkòrò tín-ń-tín abìyẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 3 lọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Òdòdó tí kò bá rí i, á já bọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ibo ni ọmọ kòkòrò yìí ń gbé kó tó ní ìyẹ́? Nínú ohun tó ń jẹrà tó sì tutù: ewé tó já sílẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti gé, èèpo kòkó. Ilẹ̀ tí ẹ ń gbá mọ́ dáadáa yẹn, ilé rẹ̀ ni ẹ ń kó dànù. Ẹ jẹ́ kí ewé wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé igi rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ fi sábẹ́ ìbòòji káàkiri oko. Èèpo kòkó ni kí ẹ ṣọ́ra fún: èyí tó wá láti ara èso tó ti dúdú, ẹ kó o kúrò láàárín igi pátápátá, torí òjò á máa ta àrùn inú rẹ̀ sára èso tó kù.

Ní ti igi ńlá, mo bá yín yọ̀ pé ẹ fẹ́ gbìn ín padà. Ẹ má gbin àràbà sínú oko kòkó. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ìrókò dára, àmọ́ ó ní ọ̀tá tirẹ̀. Kòkòrò kan tí kò tóbi ju iná orí lọ ń yé ẹyin sí ọ̀mùnú ewé rẹ̀, ewé náà á wú rọ̀bọ̀tọ̀, á bẹ́, á jẹrà, orí ọ̀gbìn náà á sì kú. Nítorí rẹ̀ ni ìrókò tí wọ́n gbìn pọ̀ sójú kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń kú. Nínú igbó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún ló ń hù, ó ṣòro fún kòkòrò náà láti rí wọn. Adán wà lára àwọn tí ń tú u ká bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọjá nírọ̀lẹ́ mọ agbo adán tó ń gbé níbẹ̀. Irú wọn ń jẹ èso ìrókò, wọ́n ń fò lọ jìnnà, wọ́n sì ń ju hóró rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń yìnbọn sí wọn. Tí ìrókò bá hù fúnra rẹ̀ nínú oko yín, ẹ fi igi sàmì sí i kí alágbàṣe má ṣán an. Ẹ gbin ìyókù jìnnà síra, lábẹ́ ìbòòji díẹ̀.

Láti tètè rí ìbòòji, ẹ gbin afàrà, ìdígbó àti àyùnrẹ́ sí ààyè tó ṣí sílẹ̀. Àyùnrẹ́ ní àǹfààní kan tó farasin: bakitéríà ń gbé inú kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ń sọ afẹ́fẹ́ di ajílẹ̀, igi náà ń fún wọn ní ṣúgà, nígbà tí ewé rẹ̀ bá sì já, ilẹ̀ kòkó náà á jèrè. Kí wọ́n tó hù, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dí ààyè náà.

Láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ tí kápúsídì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ máa yẹ èso àti ọ̀mùnú wò fún ojú dúdú rẹ̀, igi tí ẹ bá rí i lórí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fín. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi tí èèrà pupa wà, kí ẹnikẹ́ni má gbé pọ́ńpù débẹ̀. Àwọn alágbàṣe kò purọ́ ṣá o: èèrà yẹn ń gé ni jẹ, ó sì ń tu omi tó ń ta ni sójú ibẹ̀. Kí wọ́n ká àwọn igi náà ní àárọ̀ kùtù tí ara ṣì tutù, tí èèrà kò tíì jáde púpọ̀. Kí wọ́n lo ọ̀pá gígùn dípò gígun igi, kí wọ́n sì fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, èèrà kì í fẹ́ rìn lórí rẹ̀. Ẹ fi owó díẹ̀ kún owó iṣẹ́ wọn fún igi aláṣọ pupa, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́.